Come Sunday: Fíìmù Tó Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà

Méje ni wá nínú yàrá, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo, bátìrì rẹ̀ sì ti ń lọ sílẹ̀. Láti ọ̀sán ni wọ́n ti mú iná lọ. Nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ bèèrè pé, "Ó ti parí? Ibo wá ni bàbá yẹn lọ?" A bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní kó lọ sùn. Àmọ́ èmi gan-an ni ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n sùn, òun náà ni mo sì fẹ́ fi ṣe lámèyítọ́ fíìmù yìí, torí mo gbà pé ọmọ ẹ̀rọ yẹn ti fọwọ́ kan ojú egbò.

Come Sunday ni wọ́n ń pe fíìmù náà. Ọdún 2018 ló jáde lórí Netflix. Joshua Marston ló darí rẹ̀, Marcus Hinchey ló kọ ọ́, wọ́n sì gbé e lé orí ìtàn tí ètò rédíò Amẹ́ríkà kan, This American Life, sọ lọ́dún 2005. Olú-ẹ̀dá-ìtàn ibẹ̀ kì í ṣe àròsọ rárá. Bíṣọ́ọ̀bù Carlton Pearson ni, adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1953, tó sì kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Chiwetel Ejiofor ló ṣe é. London ni wọ́n bí Ejiofor sí, ọmọ Ìgbò ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn yangàn díẹ̀ ná, ká tó máa bọ́rọ̀ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nínú ìjọ tó le bíi tèmi, wéré lẹ máa dá Pearson mọ̀. Láti kékeré ló ti ń wàásù, tó ń lé ẹ̀mí èṣù. Ó lọ sí yunifásítì tí Oral Roberts dá sílẹ̀ ní Tulsa, ìpínlẹ̀ Oklahoma, Roberts fúnra rẹ̀ sì mú un bí ọmọ inú rẹ̀. Ní 1981 ó bá wọn dá ìjọ sílẹ̀, Higher Dimensions, níbi tí dúdú àti funfun ti jọ ń jókòó. Ohun tí wọn ò máa ń rí ní Tulsa nìyẹn, ẹ máa gbọ́ ìdí rẹ̀ tó bá yá. Ìjọ náà gbòòrò, ó lé ní 5,000 èèyàn. Àfi bí bíṣọ́ọ̀bù yìí ṣe dìde lọ́jọ́ kan tó ní kò sí ẹni tó ń lọ sí ọ̀run àpáàdì, pé ikú Jésù ti ra gbogbo ayé pátá, àtẹni tó mọ̀ àtẹni tí kò mọ̀. Ó pe ìwàásù náà ní Gospel of Inclusion. Bí wọ́n bá ní kí n túmọ̀ rẹ̀, màá ní Ìhìnrere Ìkónimọ́ra. Ìyẹn ló tú ìjọ náà ká.

Ibi tí fíìmù yìí ti lágbára jù lọ kì í ṣe orí pèpéle, inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá Pearson nínú ẹbí, Quincy, tí Danny Glover ṣe, wà lẹ́wọ̀n. Ó fẹ́ kí ọmọ òun bá òun kọ lẹ́tà sí àwọn tó lè dá òun sílẹ̀ kí ọjọ́ òun tó pé. Lẹ́tà kan ṣoṣo, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pearson ò kọ ọ́. Kò dá a lójú pé bàbá náà ti di àtúnbí ní tòótọ́. Ẹ wo ojú Ejiofor níbẹ̀. Òṣèré mìíràn ì bá fajú ro, ì bá ṣe bí ìkà. Ejiofor ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rọra ń wo bàbá náà tàánú-tàánú, bí dókítà tó fẹ́ fún ọmọdé lábẹ́rẹ́. Ó gbà pé oore lòun ń ṣe. Mo mọ ojú yẹn. Ojú tí wọ́n fi máa ń wo obìnrin tó bá fi yẹtí wọ ìsìn ní ìjọ tí mo ti kúrò nìyẹn, ojú ìfẹ́ tó le bí òkúta. Kò pẹ́ sígbà náà, ìròyìn dé pé Quincy ti pokùn so.

Tí wọ́n bá ní kí n yan ìran kan ṣoṣo fún kíláàsì ìfìwàwẹ̀dá, ìran ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn ni màá yàn. Gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn lẹ́tà yẹn ló ti jáde. Pearson wà nílé rẹ̀, ó ń wo ìròyìn Rwanda lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn tí ogun àti ìpakúpa ọdún 1994 sọ di aláìnílé, àwọn ọmọ tí ebi ti pa wọ inú egungun. Ìgbàgbọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì sọ pé bí àwọn wọ̀nyí ṣe ń kú láìmọ Jésù, inú iná ni wọ́n ń lọ tààrà. Ìbéèrè tó bi Ọlọ́run nìyẹn, ó sì ní Ọlọ́run dá òun lóhùn. Marston ò fi àrá sí i, kò fi mọ̀nàmọ́ná sí i. Ọkùnrin kan ń wo ìròyìn nínú pálọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwa òǹwòran mọ̀ pé lẹ́tà tí kò kọ yẹn jókòó tì í lórí àga.

Ní 2004, ẹgbẹ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Pẹ́ńtíkọ́sì adúláwọ̀ Amẹ́ríkà gbọ́ tẹnu rẹ̀, wọ́n sì dá a lẹ́bi: aládàámọ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀, ṣebí iṣẹ́ tí wọ́n fi owó ilé-ẹ̀kọ́ wa ń kọ́ wa nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí òyìnbó ń lò, inú èdè Gíríìkì ló ti wá, yíyàn ló dúró fún níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ni pé o yàn. Tiwa yàtọ̀. Bí mo ṣe gbọ́ àdámọ̀ létí ara mi, ohun téèyàn dá mọ̀ ni, tí kò bá ẹgbẹ́ mọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ni pé ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n. Ká sòótọ́, Yorùbá ló bá fíìmù yìí mu jù. Bí ìtàn ṣe ń lọ ni àwọn èèyàn ń dín lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pearson. Henry, tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ (Jason Segel ló ṣe é), kó tirẹ̀, ó lọ. Oral Roberts, tí Martin Sheen ṣe, ní kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ó kọ̀. Àwọn ìjókòó ṣófo. Nígbà tó bá fi máa dúró níwájú àwọn bíṣọ́ọ̀bù wọ̀nyẹn, òun nìkan ló kù pẹ̀lú ohun tó dá mọ̀.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ara mi kan sí i níbí. Ẹ má bínú, mi ò lè ṣe lámèyítọ́ yìí bí ẹni tí kò ní nǹkan kan níbẹ̀. Onílù bàtá ni bàbá tó bí bàbá mi. Kò ṣe ìgbàgbọ́ títí ó fi kú. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí olùkọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní kí ẹni tó bá ní ẹbí nínú iná nawọ́ sókè, ká lè gbàdúrà kí àwa má tẹ̀ lé wọn. Mo nawọ́. Mo sì tún fi ọwọ́ kejì nà án, torí mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tá a délé, mo sọ fún bàbá mi. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní kí n lọ jẹun. Títí dòní a ò tíì sọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Nítorí náà, nígbà tí Pearson lórí pèpéle ní kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, pé iná yẹn ṣófo, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ ẹ̀sìn ni mo gbọ́. Bàbá àgbà ni mo rí tó gbé ìlù rẹ̀ kọ́rùn, tó ń bọ̀.

Fíìmù náà ní àléébù o. Reggie ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Lakeith Stanfield ló ṣe é, olórin ìjọ, ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin, kòkòrò HIV sì wà lára rẹ̀. Gbogbo ìgbésí ayé ọmọ yìí jẹ́ ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé inú iná lèmi ń lọ? Stanfield ṣe é dáadáa débi pé èèyàn ń wá a nígbà tí kò bá sí lójú fíìmù. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé eré ò jẹ́ kó ní ilé, kò jẹ́ kó ní ọ̀rẹ́, ó kàn ń gbé e wọlé nígbàkígbà tó bá fẹ́ kí ọkàn Pearson gbọgbẹ́. Lójú tèmi, ìyẹn ò dáa. Èkejì ni orin. Ẹni tó bá kúrò ní ìjọ tó le, kì í ṣe ẹ̀kọ́ nìkan ló ń fi sílẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ tí mi ò lọ, aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo jí, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ mi ń wá ohun tó máa pa. Àtẹ́wọ́ ni mò ń wí. Fíìmù yìí fún wa ní kọ́áyà níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ bí àríyànjiyàn bá ti wọ̀ ọ́ tán, gbogbo rẹ̀ di ọ́fíìsì, di tábìlì, di àgbà ọkùnrin méjì tó ń fi ẹsẹ Bíbélì ta ayò.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ká padà sórí ìbéèrè ọmọ ẹ̀rọ: ibo ni bàbá yẹn lọ?

Ibi tó lọ ni ìtàn tó yẹ kí wọ́n sọ. Pearson pàdánù ilé ìjọ rẹ̀, gbèsè ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó kù tì í ò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Ní 2008 ó kó wọn lọ sí All Souls, ìjọ Unitarian kan ní Tulsa kan náà, níbi tí Marlin Lavanhar ti jẹ́ àlùfáà, wọ́n sì wọnú ìjọ yẹn, wọ́n di ọmọ ibẹ̀. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ àwọn Unitarian: láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ti kọ Mẹ́talọ́kan, wọ́n ní ọ̀kan ni Ọlọ́run. William Ellery Channing ló fi ìwàásù kan tó ṣe ní Baltimore ní 1819 la ọ̀rọ̀ náà yé àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní 1961 wọ́n dara pọ̀ mọ́ àwọn Universalist, tí wọ́n ti ń wàásù tipẹ́tipẹ́ pé gbogbo èèyàn pátá ni Ọlọ́run máa gbà là. Ẹ ò rí nǹkan? Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ lé Pearson síta, ó ti wà nínú orúkọ àwọn wọ̀nyí kí wọ́n tó bí bàbá bàbá rẹ̀. Ohun tó rò pé òun dá mọ̀, àwọn kan ti jọ mọ̀ ọ́n. Lónìí, wọn kì í bi ẹnikẹ́ni nínú wọn pé kí lo gbà gbọ́ kó tó wọlé. Onígbàgbọ́ ń jókòó ti ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run wà.

Ó dùn gbọ́, àbí? Ó yẹ kí ìtàn parí síbẹ̀. Rárá o, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, wàhálà tí mo fẹ́ wò lójú fíìmù.

Àkọ́kọ́, ilé tí wọ́n wọ̀. Ọdún 1921 ni wọ́n dá All Souls sílẹ̀. Ọdún 1921 náà ni àwọn aláwọ̀ funfun Tulsa sun Greenwood, àdúgbò àwọn adúláwọ̀, láti ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún wọ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà. Ilé tó lé ní 1,000 ló jóná. Àwọn òpìtàn ní ó ṣeé ṣe kí àwọn tó kú tó 300. Ìwé ìròyìn kan, Tulsa Tribune, ló tẹ ìròyìn jáde lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn pé ọmọkùnrin adúláwọ̀ kan kọlu ọmọbìnrin funfun nínú ẹ̀rọ agbéniròkè. Ìròyìn náà wà lára ohun tó ru àwọn èèyàn sókè. Ta ló ni ìwé ìròyìn náà? Richard Lloyd Jones. Ta wà lára àwọn tó dá All Souls sílẹ̀ lọ́dún kan náà? Richard Lloyd Jones yìí kan náà, ọmọ àlùfáà Unitarian. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún lẹ́yìn náà, adúláwọ̀ bíṣọ́ọ̀bù kan tí àwọn èèyàn rẹ̀ ti lé jáde kó àwọn tó kù tì í, ó bá ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ wọlé. Tí ẹ bá sọ fún mi pé òǹkọ̀wé eré rí irú èyí, tó fò ó dá, màá ní ẹ̀ ń ṣàwàdà. Ó fò ó dá. Fíìmù rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Èkejì ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà. Àwọn ará Pearson máa ń gbé ọwọ́ sókè, wọ́n máa ń sunkún, wọ́n ń ké "Àmín" lu oníwàásù, wọ́n ń pe Jésù ní gbólóhùn méjì-méjì. Àwọn ará All Souls, funfun ló pọ̀ jù nínú wọn, ìsìn jẹ́jẹ́ ni tiwọn: orin inú ìwé, ìwàásù tí wọ́n ń gbọ́ bí ìgbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n bá ń kọ́ni. Òmíràn nínú wọn, ìjọ tó le lòun náà sá fún wá síbẹ̀. Orúkọ Jésù tí wọ́n bá ti pariwo rẹ̀ jù, ẹ̀rù ló ń bà á. Inú bí àwọn kan nínú wọn, kò sì yà mí lẹ́nu. Níkẹyìn wọ́n ṣe ìsìn lọ́nà méjì: ọ̀kan ní ìlànà àtijọ́ tiwọn, èkejì pẹ̀lú orin àti àtẹ́wọ́ tí àwọn àlejò gbé wá. Nígbà tó yá, àwọn ará ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọ ìsìn alátẹ́wọ́.

Èmi ń fojú inú wo ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Ìyá kan ti gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe láti ogójì ọdún. Ó wá rí i pé òun nìkan ni. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, ọkùnrin tó sá fún ọwọ́ yẹn gan-an ní ìlú mìíràn, nígbà tó wà lọ́mọdé. Ṣé ìyá yìí máa sọ ọwọ́ kalẹ̀? Ta ló máa ké "Àmín" nílé tí kò sẹ́ni tó ń dá oníwàásù lóhùn? Wọ́n ti ní kò sí iná mọ́, ó dáa, kí wá ló máa mú èèyàn jí ní aago márùn-ún ààbọ̀? Ìbéèrè tó wà lára èmi náà nìyẹn, fíìmù tó bá lè dá a lóhùn, màá wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹni tí wọ́n lé jáde, ó rọrùn láti kẹ́dùn rẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbà wọlé, tí kò mọ ibi tó máa fọwọ́ sí, òun ló ṣòro kọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan sí i, torí ó kan ẹ̀ka-èdè wa. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ Tulsa nìkan ni. Ní Èkó níhìn-ín, ní 1919, Adéníran Adédèjì Ìṣọ̀lá, tó ti inú ìjọ Áńgílíkà jáde, dá ìjọ Unitarian kan sílẹ̀, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi ń sìn níbẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni Ìjọ Ìṣọ̀kan Gbogbo Ẹ̀dá. Ẹ tún un kà. Nínú orúkọ tòyìnbó, Ọlọ́run ló ni ìṣọ̀kan náà: òun ni kì í ṣe mẹ́ta. Nínú tiwa, àwa la ni ín. Wọ́n gbé ọ̀kan kúrò lọ́run wá sí ayé, wọ́n sì fi "gbogbo" tì í lẹ́yìn. Wọn ò wulẹ̀ sọ pé gbogbo onígbàgbọ́, wọn ò tilẹ̀ sọ pé gbogbo èèyàn. Ẹ̀dá ni wọ́n sọ. Ọdún méjìlélógójì sí ìgbà tí àwọn Unitarian Amẹ́ríkà tó bá àwọn Universalist da orúkọ pọ̀, Yorùbá ti fi gbólóhùn kan ṣe é l'Ékòó. Nígbà tí ẹ bá ń wá ìtumọ̀ tó ju ọ̀rọ̀ tí wọ́n túmọ̀ lọ, fún pépà ìṣètúmọ̀ yín, ẹ rántí èyí.

Mi ò tíì dé ibẹ̀ o. Ẹ̀rù ọwọ́ ara mi ló ń bà mí.

Ejiofor nìkan ti tó ẹni wá wò, nítorí náà mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má wo Come Sunday. Ó wà nínú fúláàṣì mi. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó mú tirẹ̀ wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀, kó sì dákun bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kó má ní kòkòrò. Tí ẹ bá dé ìran ọgbà ẹ̀wọ̀n, ẹ má sáré kọjá níbẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ Danny Glover.